Omi Bóhóòlù Ìgèdè àti Ẹ̀rọ Tó Ń Mú Omi Rọ̀

Ìgèdè-Èkìtì ni odò Ọ̀ṣun ti ṣẹ̀, síbẹ̀ kànga àti bóhóòlù ni ọ̀pọ̀ ilé gbójú lé níbẹ̀. Bí ọṣẹ bá kọ̀ tí kò hó, tàbí tí aṣọ funfun bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, ẹni tó rí owó á ní kí wọ́n bá òun ra ẹ̀rọ tó ń mú omi rọ̀. Ohun tí mo fẹ́ sọ ni pé ìwọ̀nba ni àǹfààní ẹ̀rọ yìí lágbègbè wa, àti pé èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí à ń pè ní àìṣedéédéé rẹ̀, lára omi àti táńkì ló ti ń wá, kì í ṣe lára ẹ̀rọ. Omi tó le ni omi tí kálísíọ̀mù àti màgnísíọ̀mù pọ̀ nínú rẹ̀. Bí líle rẹ̀, tí wọ́n ń ṣírò bíi kálísíọ̀mù kábọ́néètì, kò bá ju 60 mílígíráàmù lọ nínú lítà kan, omi náà rọ̀. Bó bá ju 180 lọ, ó le gan-an. Òkúta irú èyí tí wọ́n ń wà ní Ewékorò láti fi ṣe sìmẹ́ǹtì ló sábà máa ń mú omi le, nítorí ó tètè ń yòrò. Àpáta gíránáìtì àti àwọn ìbátan rẹ̀ ni Èkìtì jókòó lé ní tirẹ̀, wọn kì í sì í tètè yòrò. Irin ló pọ̀ nínú ilẹ̀ pupa tó bo àpáta yìí, irin yìí ló sì máa ń sọ omi di pupa.

Ẹnìkan lè ní, “Ṣùgbọ́n ọṣẹ ò hó nínú kànga tèmi.” Ó ṣeé ṣe, nítorí omi ojúlé kan lè yàtọ̀ sí ti èkejì, kànga tí ìdọ̀tí ilé àti ṣáláńgá ń jò sí náà sì lè le. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ ká dán an wò ká tó náwó. Bu omi òjò sínú ìgò kan, bu ti kànga sínú èkejì, fi ìwọ̀n ọṣẹ dúdú kan náà sí méjèèjì, kí o sì mì wọ́n. Bí ti òjò bá hó, tí ti kànga sì dì ní ìdì funfun, omi náà le. Má fi ọṣẹ oníyẹ̀fun ìfọṣọ dán an wò o. Ìyẹn ń hó nínú omi tó le pẹ̀lú. Lẹ́yìn náà, gbé ife omi tó mọ́ gaara, tí o ṣẹ̀ṣẹ̀ fà láti bóhóòlù, kalẹ̀ di ọjọ́ kejì. Bó bá pọ́n, irin ni. Bí ti bóhóòlù kò bá pọ́n, àmọ́ tí ti ẹnu ẹ̀rọ inú ilé pọ́n, páìpù irin tó ti dípẹtà ni kó o pààrọ̀. Ìlànà omi mímu tí Nàìjíríà gbé jáde lọ́dún 2007 fi òdiwọ̀n líle omi sí 150 mílígíráàmù nínú lítà, ó sì fi ti irin sí 0.3.

Nínú ẹ̀rọ náà, àwọn hóró résìnì tó kéré bí ẹyin ẹja ló ń gba kálísíọ̀mù àti màgnísíọ̀mù mọ́ra, tí wọ́n sì ń fi sódíọ̀mù rọ́pò wọn. Bí wọ́n bá kún, ẹ̀rọ á fa omi iyọ̀ láti inú àpótí iyọ̀ rẹ̀ gba àárín wọn, á sì tú omi ìfọ̀ náà dànù. Àwọn tó ń tà á máa ń sọ pé ó ń yọ irin náà. Òótọ́ ni, bí irin bá kéré, tó sì ṣì yòrò. Ṣùgbọ́n nínú ilé wa, táńkì orí òpó ni omi kọ́kọ́ ń lọ. Atẹ́gùn á kàn án níbẹ̀, irin á di ìpẹtà kó tó dé ẹ̀rọ, á sì lẹ̀ mọ́ résìnì títí tí kò fi ní gba nǹkan kan mọ́. Àṣẹ́ oníyanrìn láàárín táńkì àti ẹ̀rọ ló ń tọ́jú ìyẹn. Bó bá sì jẹ́ irin nìkan ni ìṣòro rẹ, àṣẹ́ náà tó ọ, o ò nílò ẹ̀rọ.

Táńkì yìí kan náà ló ń fa àìsàn kejì. Gíga mítà mẹ́wàá ló ń fún omi ní ipá bar kan. Táńkì tó ga ní mítà márùn-ún kò ju ìdajì bar lọ, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ wọ̀nyí ń fẹ́ tó bar kan àti ààbọ̀ kó tó lè fa omi iyọ̀. Nítorí náà, bí iyọ̀ inú àpótí kò bá dín kù láti oṣù dé oṣù, wo ipá omi kó o tó pe ẹni tí yóò tú u. Bí ipá bá tó, ki ọ̀pá wọnú iyọ̀: nígbà mìíràn òkè rẹ̀ ti dì, omi sì wà nísàlẹ̀ tí kò kan án. Bó bá sì jẹ́ pé ọ̀sán gangan ló ń fọ ara rẹ̀ nígbà tí ẹ ń wẹ̀, iná ọba tó lọ ló da aago rẹ̀ rú. Tún aago náà ṣe.

Wọ́n á ní ará Lọ́ńdọ̀nù ń lò ó, kò sì dà wọ́n láàmú. Omi tiwọn le lóòótọ́, nítorí ilẹ̀ ẹfun ni púpọ̀ nínú rẹ̀ gbà wá, páìpù ìlú sì ń tì í wá pẹ̀lú agbára. Ẹni tí omi tirẹ̀ le níhìn-ín náà lè lò ó, bó bá ní pọ́ǹpù tó ń ti omi. Àmọ́ 100 mílígíráàmù líle tí ẹ̀rọ bá yọ nínú lítà kan, 46 sódíọ̀mù ló ń fi rọ́pò rẹ̀. Kí ilé tí dókítà ti ní kí ẹnìkan dín iyọ̀ kù ya ẹnu ẹ̀rọ kan sọ́tọ̀ fún mímu àti oúnjẹ, tí omi ibẹ̀ kò ní gba inú ẹ̀rọ tó ń mú omi rọ̀ kọjá. Omi ìfọ̀ tí ẹ̀rọ ń tú dànù, ẹ má ṣe jẹ́ kó ṣàn sórí ebè ẹ̀fọ́ tàbí sí ẹ̀gbẹ́ kànga.