Okùn Wo Ni Ó Yẹ Gìtá Yín?

Ní ṣọ́ọ̀ṣì, ní ibi ìgbéyàwó àti ní ibi òkú àgbà, a máa ń gbọ́ ohùn gìtá. Ṣùgbọ́n gìtá wọ́n. Ẹni tí ó fi owó kọfí tàbí owó òwú ra gìtá kò ní fẹ́ kí ó tètè bàjẹ́. Okùn tí kò yẹ máa ń ba gìtá jẹ́. Ẹ jẹ́ kí á wo bí a ṣe ń yan okùn tí ó yẹ.

Wáyà kẹ̀kẹ́ kì í ṣe okùn gìtá

Ní ọdún 1973 ni a bí Lionel Loueke ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀ gìtá. Nígbà náà, bí ó bá fẹ́ okùn tuntun, àfi kí ó lọ sí Nàìjíríà. Nítorí náà ó ń rẹ okùn àtijọ́ sínú ọtí kíkan kí ó lè mọ́. Nígbà tí okùn já, ó fi wáyà bíréèkì kẹ̀kẹ́ rọ́pò rẹ̀. Kí ni ó ṣẹlẹ̀? Ọrùn gìtá rẹ̀ bàjẹ́.

Kò jẹ́ kí ìyẹn dá òun dúró. Ó lọ kọ́ṣẹ́ ní Kotidifúà, ní Paris àti ní Amẹ́ríkà. Ó ti di ọ̀gá nínú orin jáàsì, èyí tí àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà dá sílẹ̀.

Kí ló dé tí ọrùn gìtá náà fi bàjẹ́? Okùn ń fa ọrùn gìtá nígbà gbogbo. Bí okùn bá nípọn, a ó fà á le gan-an kí ó tó dún bó ṣe yẹ. Okùn mẹ́fà tí kò nípọn jù pàápàá ń fa ọrùn bí ẹni pé a so ẹrù tí ó ju ogójì kílò lọ mọ́ ọn. Ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó àpò sìmẹ́ǹtì kan! Wáyà bíréèkì sì nípọn ju okùn gìtá tí ó tóbi jù lọ nínú wọn. Igi wo ni yóò gbà á?

Irú okùn

1. Okùn náílọ́nù. Ti gìtá onígi tí a ṣe fún náílọ́nù ni. Ẹ má ṣe fi okùn irin sí irú gìtá bẹ́ẹ̀. Yóò fa igi rẹ̀ ya. Ẹ má sì fi náílọ́nù sí gìtá oníná. Òòfà ni ó ń gba ohùn nínú gìtá oníná, òòfà kì í sì í fa náílọ́nù. Ẹ ó ta á títí, àńpìlífáyà kò ní gbọ́.

2. Okùn irin tí a fi idẹ wé. Ti gìtá onígi tí a ṣe fún okùn irin ni. Lórí gìtá oníná, ohùn rẹ̀ kì í jáde dáadáa, nítorí òòfà kì í fa idẹ.

3. Okùn irin tí a fi wáyà roboto wé. Ti gìtá oníná ni. Ara rẹ̀ rí gbágungbàgun, ohùn rẹ̀ sì mọ́ ketekete. Ó dára fún jùjú àti háílááfù.

4. Okùn irin tí a fi wáyà pẹlẹbẹ wé. Ti gìtá oníná ni òun náà. Ó ń dán, ìka kì í dún lórí rẹ̀. Ohùn rẹ̀ tutù. Òun ni ọ̀pọ̀ onígìtá jáàsì fẹ́ràn. Wes Montgomery ará Amẹ́ríkà, tí ó kú ní 1968, lo irú rẹ̀. Àtàǹpàkò ni ó fi ń ta á.

Nọ́ńbà ara páálí

Nọ́ńbà tí ó kéré jù lára páálí ń sọ bí okùn tí ó tẹ́ẹ́rẹ́ jù ṣe nípọn tó.

Nọ́ńbà 9: ó rọ ìka lọ́rùn, ṣùgbọ́n ó tètè ń já.
Nọ́ńbà 10: ó nípọn tó ìdámẹ́rin mílímítà kan. Ó dára fún ẹni tí ó ń kọ́ gìtá oníná.
Nọ́ńbà 12: ti jáàsì ni. Ohùn rẹ̀ kún, ṣùgbọ́n ó le fún ìka, ó sì ń fa ọrùn ju àpò sìmẹ́ǹtì kan lọ.

Okùn tí ó so ewúrẹ́ kì í so màlúù. Ẹ wo gìtá yín, ẹ wo orin yín, kí ẹ tó ra okùn.

Bí a ṣe ń pa okùn dà

Láti Atakpamé dé Lomé ju 150 kìlómítà lọ. Bí ẹ bá rán ẹnì kan lọ ra okùn, ẹ fún un ní páálí àtijọ́ kí ó mú un lọ́wọ́.

Ẹ máa pa okùn dà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ rọra fà á, kí ẹ sì gbé ojú sá fún un, torí bó bá já, ó lè ta bá ojú. Lẹ́yìn náà, ẹ wo ọrùn gìtá láti ìpẹ̀kun rẹ̀, bí káfíńtà ṣe ń wo pákó. Bó bá ti tẹ̀, ẹ dẹ okùn náà kíá.

Lẹ́yìn orin, ẹ fi aṣọ gbígbẹ nu òógùn kúrò lára okùn. Òógùn ló ń mú un dípẹtà.

Ìbéèrè

1. Kí ló dé tí náílọ́nù kì í dún lórí gìtá oníná?
2. Okùn wo ni ó yẹ orin jáàsì?
3. Gìtá wo ni ó wà ní abúlé yín? Irú okùn wo ni ó wà lórí rẹ̀?