Nígbà Tí Ìjọba Bá Ní Kí Ìyá Ọmọ Wá Rojọ́

Ìwé kan wà tí ó máa ń já àyà àwọn ènìyàn wa tí ń gbé ní ìlú Ọba. Ìwé ìjọba ni, ohun tí ó sì ń béèrè kò ju gbólóhùn méjì lọ: Ẹ ti sọ pé ẹ ń san owó fún ẹni tí ń bá yín tọ́jú ọmọ, ẹ fi ẹ̀rí rẹ̀ hàn wá.

A kò bá ìjọba wí nítorí ìbéèrè yìí. Owó ìlú ni owó ìrànwọ́, ẹni tí ó bá sì gba owó ìlú ní láti jíhìn rẹ̀. Àwa tí a ń pariwo lójoojúmọ́ pé kí àwọn mínísítà wá ṣírò iṣẹ́ ìríjú wọn kò lè yíjú padà kí a ní kí ìyá ọmọ má ṣe ṣírò tirẹ̀. Ṣùgbọ́n agbọ́-ẹjọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Bí olùyẹ̀wò bá ti dájọ́ kí ó tó gbọ́ ẹjọ́, kí ni ẹ̀rí fẹ́ ṣe mọ́?

Ẹ jẹ́ kí a wo ilẹ̀ Họ́láǹdì. Láti ọdún 2005 ni òfin ti fi ẹsẹ̀ ètò owó ìtọ́jú ọmọ múlẹ̀ níbẹ̀: òbí tí ń ṣiṣẹ́ yóò sanwó fún olùtọ́jú, ìjọba yóò fún un ní apá kan nínú rẹ̀, òbí yóò sì fi tirẹ̀ kún un. Ètò rere ni. Ní 2013, àṣírí tú pé àwọn ẹlẹ́tàn kan láti Bọ̀lìgéríà ti ń fi èrú gba oríṣi owó ìrànwọ́ mìíràn. Inú bí àwọn aṣòfin, wọ́n ní kí àwọn agbowó-orí fi ọwọ́ líle mú gbogbo ọ̀ràn bẹ́ẹ̀. Orí àwọn òbí tí kò mọwọ́ tí kò mẹsẹ̀ ni pàṣán náà wá bà lé.

Ní ìlú Eindhoven, ní 2014, wọ́n dá owó nǹkan bí 300 òbí dúró lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí pé wọ́n fura sí alágbàtà tí ó bá wọn wá olùtọ́jú ọmọ. Owó ti dúró kí a tó yẹ ọ̀ràn òbí kọ̀ọ̀kan wò. Àwọn òbí kó ìwé ẹ̀rí jọ, wọ́n fi ránṣẹ́; èsì tí wọ́n gbà ni pé ẹ̀rí wọn kò tó, láìsọ ohun tí ó kù fún wọn. Bí ìwé kan kò bá ní ìbuwọ́lù, tàbí bí owó tí òbí fi kún un bá dín díẹ̀, gbogbo owó ọdún náà ni wọ́n ń gbà padà, kì í ṣe iye tí ó dín nìkan. Báyìí ni ọ̀pọ̀ ìdílé ṣe jẹ gbèsè tí ó lé ní 10,000 yúrò, tí wọn kò sì gbà kí ọ̀pọ̀ nínú wọn san án díẹ̀díẹ̀. Láàárín 2015 sí 2020, ó ju 1,000 ọmọ lọ, nínú ìdílé tí ọ̀ràn náà kàn, tí a gbà kúrò lọ́wọ́ òbí wọn.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ìwé ìrìnnà méjì, ẹ gbọ́ èyí náà: àwọn agbowó-orí ń lo ọ̀rọ̀ ibi tí ènìyàn ti ṣẹ̀ wá láti fi mọ ẹni tí wọn yóò fura sí. Ní 2021 ni àjọ tí ń ṣọ́ àkọsílẹ̀ ará ìlú bu ìtanràn 2,750,000 yúrò lé wọn lórí nítorí èyí.

Agbẹjọ́rò kan, Eva González Pérez, ni kò jẹ́ kí ẹjọ́ náà kú. Nínú ilé aṣòfin, Renske Leijten ti ẹgbẹ́ alátakò ń béèrè ọ̀rọ̀, Pieter Omtzigt sì ń béèrè pẹ̀lú rẹ̀. Kí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú wa fetí sí i dáadáa: ẹgbẹ́ Omtzigt wà nínú ìjọba nígbà náà, síbẹ̀ kò torí ẹgbẹ́ pa ẹnu mọ́. Ní oṣù Kejìlá 2020, ìgbìmọ̀ aṣòfin kọ ọ́ sínú ìwé pé àìṣòdodo tí a kò rí irú rẹ̀ rí ni. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kìíní 2021, Mark Rutte àti gbogbo mínísítà rẹ̀ fi ipò sílẹ̀. (Nínú ìbò oṣù Kẹta ọdún kan náà, ẹgbẹ́ rẹ̀ ni ó tún ṣe ìkíní. Ẹ má bi wá léèrè bí ó ti jẹ́.) Ìjọba ṣèlérí 30,000 yúrò fún òbí kọ̀ọ̀kan tí a rẹ́ jẹ. Owó kò ra ọdún tí ọmọ fi wà ní ilé onílé.

Nítorí náà, kí àwọn ènìyàn wa ní ìlú Ọba má ṣe fi ọ̀ràn yìí jáfara. Ètò Universal Credit lè dá tó 85 nínú 100 owó ìtọ́jú ọmọ padà fún òbí tí ń ṣiṣẹ́. Ẹni tí wọ́n kọ sínú ìwé àṣẹ ìgbélùú rẹ̀ pé kò gbọdọ̀ gba owó ìlú, kí ó gba ìmọ̀ràn kí ó tó sún mọ́ ọn. Olùtọ́jú tí ó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba ni ètò náà mọ̀. Ní England, Ofsted ni ọ̀pọ̀ wọn ti ń forúkọ sílẹ̀. Màmá tí a ránṣẹ́ pè láti ilé pé kí ó wá bá wa gbé ọmọ pọ̀n kò sí lára wọn, bí ó ti wù kí ọwọ́ rẹ̀ dára tó. Ibi tí a mọ̀ pé àwọn ènìyàn wa ti ń kọsẹ̀ nìyí, nítorí pé lójú tiwa ẹbí ni olùtọ́jú àkọ́kọ́.

Ẹ san owó náà láti báńkì, ẹ má ṣe kà á sí ọwọ́. Ẹ gba rìsíìtì tí ó ní ọjọ́, iye owó àti orúkọ ọmọ. Bí ìwé ìbéèrè bá dé, ẹ dáhùn kí ọjọ́ tí wọ́n dá tó pé. Bí ẹ̀rí bá kù, ẹ tọrọ ọjọ́ sí i ní kíkọ sílẹ̀, ẹ sì tọ́jú ẹ̀dà. Bí wọ́n bá ní kò tó, ẹ bi wọ́n léèrè èwo gan-an ni kò tó. Bí ẹ̀yin fúnra yín bá sì ti ṣi iye kà, ẹ tètè sọ ọ́ kí wọ́n tó rí i.

Bí ìdájọ́ wọn kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, oṣù kan ni ẹ ní láti fi béèrè àtúnyẹ̀wò. Bí èyí náà bá kùnà, ìgbìmọ̀ onídàájọ́ tí kì í ṣe ti ilé-iṣẹ́ náà wà tí yóò gbọ́ ẹjọ́ yín. Oṣù kan náà ni wọ́n fi sílẹ̀ fún èyí, a kì í sì í san kọ́bọ̀ kí a tó dé iwájú wọn.