Nọ́ńbà Kan fún Páàtì Méjì

Bí ènìyàn bá rí bàlúù tí ó gbéra nílẹ̀, tàbí afárá tí ó na ara rẹ̀ kọjá lórí alagbalúgbú omi, irin àti wáyà ni ojú rẹ̀ máa ń rí. Kì í sábà wá sí i lọ́kàn pé kí irin kan tó kan irin kejì, àwòrán iṣẹ́ ti kún inú yàrá dé àjà, pé a ti pa ọ̀pọ̀ nínú àwọn àwòrán náà rẹ́, tí a sì tún wọn yà lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹta, àti pé òṣìṣẹ́ tí ó bá fi àwòrán àná rọ irin òní, òfò ni yóò gbé wálé, bí ó ti wù kí ọwọ́ rẹ̀ mọ iṣẹ́ tó. Láyé àtijọ́, akọ̀wé àwòrán ni ó ń ṣọ́ wọn. Yóò jókòó ti dúróà rẹ̀, yóò kọ orúkọ ẹni tí ó yá àwòrán sínú ìwé ńlá, yóò sì máa lé àwọn tí kò dá a padà kiri. Lónìí kọ̀ǹpútà ni ó gba ìjókòó rẹ̀, nípa ètò tí àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ ń pè ní PDM tàbí PLM. Kí n tó ṣàlàyé bí ètò yìí ti ń ṣiṣẹ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ níbi kan tí àtúnṣe ti gba ẹ̀yìnkùlé wọlé.

Ilé iṣẹ́ General Motors ní Amẹ́ríkà ṣe ọkọ̀ kékeré kan rí tí ń jẹ́ Chevrolet Cobalt. Níbi tí a ń ki kọ́kọ́rọ́ bọ̀ láti fi sítáàtì rẹ̀, igi irin tín-ín-rín kan wà nínú pẹ̀lú sípíríǹgì, àwọn méjèèjì ni ó sì ń di kọ́kọ́rọ́ mú kí ó má baà yí fúnra rẹ̀. Ti àwọn Cobalt àkọ́kọ́ rọ̀ ju bí ó ti yẹ lọ: bí orúnkún awakọ̀ bá kàn án, tàbí bí ọkọ̀ bá kó sí gegele tí ìdìpọ̀ kọ́kọ́rọ́ sì wúwo, kọ́kọ́rọ́ lè yí padà, ẹ́ńjìnì á kú lórí eré, ìdarí ọkọ̀ á le, àpò afẹ́fẹ́ tí ó yẹ kí ó tú láti gba ènìyàn sílẹ̀ kò sì ní tú mọ́. Ní oṣù kẹrin ọdún 2006, ẹ̀ńjìníà tí páàtì náà wà ní ìkáwọ́ rẹ̀ fọwọ́ sí ìwé pé kí àwọn tí ń rọ ọ́ fún wọn lo igi irin tí ó gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí kọ́kọ́rọ́ lè dúró gírígírí. Àtúnṣe rere ni. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà tí ó wà lára páàtì náà, wọn kò yí i padà.

Kí ilẹ̀ tó ṣú ni a ti ń wá ewúrẹ́ dúdú. Nígbà tí àwọn olùwádìí ilé iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ìdí tí àpò afẹ́fẹ́ fi ń kọ̀ láti tú nínú àwọn Cobalt àtijọ́, tí irú rẹ̀ kò sì ṣẹlẹ̀ mọ́ nínú àwọn tí a ṣe lẹ́yìn wọn, àkọsílẹ̀ tí ó wà níwájú wọn ń fi dá wọn lójú pé páàtì kan náà ni ó wà nínú gbogbo wọn, nítorí náà ibòmíràn ni wọ́n ń wá ẹ̀bi lọ fún ọdún púpọ̀. Ẹ̀ńjìníà mìíràn, tí agbẹjọ́rò àwọn òbí tí ọmọ wọn kú nínú Cobalt gbà síṣẹ́, ni ó tú iṣu náà dé ìsàlẹ̀ ìkòkò: ó ra páàtì tuntun, ó tú u, ó tú ti inú ọkọ̀ tí ó fọ́, ó tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ó sì rí i pé nọ́ńbà wọn kò yàtọ̀ ṣùgbọ́n inú wọn kì í ṣe ọ̀kan. Oṣù kejì ọdún 2014 ni ilé iṣẹ́ náà tó bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí padà. Iye wọn lé ní 2,500,000, àwọn tí ó sì pín owó gbà-má-bínú gbà pé ènìyàn 124 ni ó bá àbùkù náà lọ.

Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Àní àwọn ìbejì tí ìyá wọn pàápàá ń ṣì mú, Táíwò ni ti ọ̀kan, Kẹ́hìndé ni ti èkejì, kí a má baà mú ẹni tí kò jẹ gbèsè. Nọ́ńbà ni orúkọ páàtì. Òfin àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ lórí èyí kò ṣòro: bí a bá lè fi tuntun sí àyè àtijọ́, tí a sì lè fi àtijọ́ sí àyè tuntun, láìsí ìyàtọ̀ nínú ìrísí rẹ̀, nínú bí ó ti wọ àyè rẹ̀, àti nínú iṣẹ́ tí ó ń ṣe, kí nọ́ńbà dúró, kí àmì àtúnṣe nìkan yí, ṣùgbọ́n bí ọ̀kan ṣoṣo nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá ti yàtọ̀, orúkọ tuntun di dandan. Gbogbo ètò kọ̀ǹpútà tí mo fẹ́ ṣàpèjúwe yìí, lójú tèmi, ọmọ ọ̀dọ̀ òfin yìí ni.

Ìpìlẹ̀ rẹ̀ ni ilé ìṣúra kan tí gbogbo àwòrán ń gbé, tí ẹnikẹ́ni kò lè gba ẹ̀yìn ètò náà wọ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ ṣàtúnṣe yóò yá àwòrán jáde. Níwọ̀n ìgbà tí ó bá wà lọ́wọ́ rẹ̀, àwọn yòókù lè wò ó, ṣùgbọ́n wọn kò lè kọ nǹkan kan sí i, orúkọ ẹni tí ó yá a yóò sì máa hàn lára rẹ̀. Nígbà tí ó bá dá a padà, ètò náà kò ní pa ti àtẹ̀yìnwá rẹ́. Yóò tò ó sẹ́yìn tuntun, pẹ̀lú ọjọ́ àti wákàtí. Ẹni tí ó ti bá ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà kò ní ṣàìmọ fáìlì tí a sọ ní “ìkẹyìn”, tí “ìkẹyìn gan-an” tẹ̀lé, tí “ìkẹyìn tí ọ̀gá rí” tún wá gun orí wọn. Nínú ilé ìṣúra yìí, kò sí àyè fún irú rẹ̀. Lẹ́tà ni ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ fi ń sàmì sí àtúnṣe, A kí ó tó kan B. Ìlànà àwọn ará Amẹ́ríkà fo I, O, Q, S, X àti Z, kí ẹnikẹ́ni má baà ka O sí òdo tàbí I sí oókan lórí bébà tí epo ti ta sí. (Q, X àti Z kò kúkú sí nínú ábídí tiwa, nítorí náà òfò wa nínú ọ̀rọ̀ náà kò pọ̀.) Àwòrán kọ̀ọ̀kan sì ní ipò: ó lè wà lórí iṣẹ́, ó lè wà níwájú àwọn tí ń yẹ̀ ẹ́ wò, a lè ti tú u sílẹ̀ fún àgbẹ̀dẹ, ó sì lè ti di àpatì. Bí a bá ti tú u sílẹ̀, ẹni tí ó yà á pàápàá kò lè fọwọ́ kàn án mọ́, àfi bí ó bá gba ìwé àtúnṣe.

Ìwé àtúnṣe yìí gan-an ni ọkàn ọ̀rọ̀. Ká ní ẹ̀ńjìníà kan fẹ́ kí ihò bóòtù tí ó jẹ́ mìlímítà 8 di mìlímítà 10. Lójú rẹ̀, ohun kékeré ni. Ètò náà yóò bi í pé, kí ni ìdí? Lẹ́yìn èyí yóò wá ibi gbogbo tí páàtì náà ti ń ṣiṣẹ́, ohun tí akọ̀wé àtijọ́ kò lè ṣe láàárín ọ̀sẹ̀ kan: yóò fi hàn án pé irin kan náà wà nínú ẹ̀rọ ìfami méjì, pé bóòtù mìlímítà 8 ti wà nínú àkójọ páàtì àwọn méjèèjì, pé ìwé ìtọ́ni àwọn mẹkáníìkì dárúkọ irinṣẹ́ tí a fi ń dè é, àti pé ẹ̀rọ kejì kò ní àyè fún orí bóòtù tí ó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìwé náà yóò wá kọjá lọ́wọ́ ẹni tí ń ṣírò agbára irin, ẹni tí ń ra ọjà, àti ọ̀gá àgbẹ̀dẹ, olúkúlùkù á sì fọwọ́ sí i tàbí kí ó kọ̀ ọ́ pẹ̀lú àlàyé. Wọn yóò pinnu láti orí ẹ̀rọ wo ni àtúnṣe náà yóò ti bẹ̀rẹ̀, àti bí àwọn páàtì àtijọ́ tí ó kù ní ilé ẹrù yóò ti jẹ́: ṣé kí a lò wọ́n tán ni, ṣé kí a tún wọn lù, tàbí kí a dà wọ́n nù. Ó ń fa iṣẹ́ sẹ́yìn, àwọn ọ̀dọ́ ẹ̀ńjìníà sì ń kùn sí i. Èmi kò dá wọn lẹ́bi, nítorí mo ti rí ìwé àtúnṣe olójú ewé kan tí ó pẹ́ ju ṣíṣe irin fúnra rẹ̀ lọ.

Ibi tí agbára ètò náà mọ ni ẹnu ọ̀nà àgbẹ̀dẹ. Àwòrán tí a bá ti tẹ̀ sórí bébà, tí wẹ́dà kan lẹ̀ mọ́ ògiri, ti jáde kúrò lábẹ́ àṣẹ kọ̀ǹpútà. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ fi ń tẹ ọjọ́ sí etí rẹ̀, pẹ̀lú ìkìlọ̀ pé bébà náà kò sí lábẹ́ ìṣọ́ mọ́.

Ètò náà kò sì lè ka ìwé fún ẹni tí kò fẹ́ kà. Ní ìlú Kansas City ní Amẹ́ríkà, ní ọjọ́ 17 oṣù keje ọdún 1981, afárá méjì tí a so kọ́ sínú gbọ̀ngàn hòtẹ́ẹ̀lì Hyatt Regency já lulẹ̀, ènìyàn 114 sì kú. Ọ̀pá irin kan ṣoṣo ni ó yẹ kí ó ti òkè wá, kí ó gba inú afárá òkè kọjá lọ gbé ti ìsàlẹ̀. Kí iṣẹ́ lè rọrùn fún àwọn alágbẹ̀dẹ, a pín in sí méjì, afárá ìsàlẹ̀ sì wá rọ̀ mọ́ ti òkè, ìwúwo tí ó wà lórí ìdè ti òkè sì di ìlọ́po méjì. Àtúnṣe náà wà lórí àwòrán. Òǹtẹ̀ ẹ̀ńjìníà wà lórí rẹ̀. Ìṣirò ni kò sí. Nítorí irú èyí, ẹni tí ó bá mọ ètò yìí lò lè ṣe é kí ojú ewé ìfọwọ́sí má ṣe ṣí rárá, àfi bí ìwé ìṣirò bá ti wà lẹ́yìn àwòrán náà.