Mẹkáníìkì Ọ̀kadà Ìlú Ẹdẹ àti Ojúṣe Tó Wà Nínú Ẹ́à Fítà

Mẹkáníìkì ọ̀kadà ní Ẹdẹ ń ṣiṣẹ́ ìlú, bí ìlú kò tilẹ̀ kà á sí òṣìṣẹ́ rẹ̀. Ọ̀kadà ló ń gbé àgbẹ̀ àti ẹrù oko wọ ọjà láti àwọn abúlé Ẹdẹ Àríwá àti Ẹdẹ Gúúsù. Òun ló ń gbé akẹ́kọ̀ọ́ lọ sí Federal Polytechnic tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1992. Òun náà ni wọ́n ń ké sí lóru nígbà tí aboyún bá ń rọbí ní ibi tí mọ́tò kò lè dé. Ẹni tó bá ń tún ọ̀kadà ṣe, ìrìn gbogbo àwọn wọ̀nyí ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìjọba kọ́ ló yàn án sípò, kò sì sí ẹni tó ń san owó oṣù fún un. Ọ̀gá rẹ̀ ló kọ́ ọ níṣẹ́, ẹgbẹ́ ló jẹ́rìí sí fúrídọ́ọ̀mù rẹ̀, àwọn oníbàárà ló sì ń gbé orúkọ rẹ̀ kiri. Mo gbà pé ipò ńlá nìyí. Ṣùgbọ́n ojúṣe kan wà níbẹ̀ tí àwa àti àwọn mẹkáníìkì jọ pa tì, ìyẹn ìtọ́jú ẹ́à fítà, kí ẹ́ńjìnnì tó bàjẹ́.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tí ẹ́ńjìnnì ń fà símú. Kí lítà epo bẹntiróòlù kan tó jóná tán, afẹ́fẹ́ tí ẹ́ńjìnnì yóò fà wọlé tó nǹkan bíi lítà 9,000, inú fítà sì ni gbogbo rẹ̀ ń gbà kọjá. Lójú ọ̀nà oko tí kò rí ọ̀dà rí, afẹ́fẹ́ yẹn kún fún eruku ilẹ̀ pupa tí táyà ọ̀kadà tó wà níwájú ń tú sókè. Bí ọyẹ́ bá tún dé, ẹ̀fúùfù á gbé eruku mìíràn wá láti àríwá, títí kan èyí tó ń ti àfonífojì Bodélé ní orílẹ̀-èdè Chad wá. Yanrìn kíkúnná wà nínú eruku yìí. Lórí òṣùwọ̀n líle tí àwọn onímọ̀ òkúta ń lò, èyí tó bẹ̀rẹ̀ láti 1 dé 10, yanrìn bẹ́ẹ̀ wà ní 7, irin sìlíńdà kò sì le tó o. Nígbà tó bá pò mọ́ ọ́ìlì tó wà lára ògiri sìlíńdà, á bẹ̀rẹ̀ sí í fá irin náà díẹ̀díẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí písítìnì bá lọ tó bá bọ̀. Ríìngì á jẹ, ẹ́ńjìnnì á máa jẹ ọ́ìlì, èéfín aláwọ̀ búlúù á máa jáde, ọ̀kadà kò sì ní lè gun òkè mọ́. Bó bá ti dé ibẹ̀, ríbọ́ọ̀ àti písítìnì tuntun ló kù, owó wọn sì pọ̀ ju ti fítà lọ fíìfíì.

Fítà tó dí náà ní wàhálà tirẹ̀. Afẹ́fẹ́ kò ní wọlé tó, epo tí kábúrétọ̀ ń gbé wá á wá pọ̀ ju afẹ́fẹ́ lọ, èéfín dúdú á yọ, pùlọ́ọ̀gì á di dúdú, epo á sì máa tán kíákíá. Ìyà èyí ti di ńlá láti oṣù Èbìbí 2023, nígbà tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo, tí lítà kan kúrò ní nǹkan bíi ₦190 tó sì kọjá ₦480 láàárín ọjọ́ mélòó kan.

Iṣẹ́ fítà fúnra rẹ̀ kò le, àmọ́ ó fẹ́ sùúrù. Bó bá jẹ́ oní-fóòmù, kẹrosíìnì tàbí omi ọṣẹ tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni ká fi fọ̀ ọ́. Bẹntiróòlù kò dáa fún un, nítorí ó ń ba fóòmù àti gọ́ọ̀mù tó lẹ̀ ẹ́ pọ̀ jẹ́, ó sì tètè ń gbiná. Ọwọ́ ni ká fi tẹ omi rẹ̀ jáde, ká má fún un bí aṣọ, kí ó má baà ya. Bó bá gbẹ tán ní ibòòji, ká fi ọ́ìlì mímọ́ pa á kárí, ká sì tẹ èyí tó bá pọ̀ jù kúrò. Ibi ọ́ìlì yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń kùnà. Wọ́n á fọ fóòmù dáadáa, wọ́n á dá a padà ní gbígbẹ, bẹ́ẹ̀ ọ́ìlì ló ń mú eruku tó kúnná mọ́lẹ̀. Fóòmù gbígbẹ á kàn jẹ́ kó kọjá lọ ni. Bó bá jẹ́ oní-bébà, a kì í fọ̀ ọ́ rárá. Afẹ́fẹ́ tí kò lágbára jù ni ká fẹ́ sí i láti inú síta, ká sì pààrọ̀ rẹ̀ nígbà tó bá tó. Irú èyí tó wù kó jẹ́, ká nu inú àpótí rẹ̀ mọ́, ká fi gíríìsì sí etí rẹ̀, ká sì rí i pé ó jókòó dáadáa, torí pé àlàfo tín-ín-rín kan ti tó fún eruku láti wọlé. Àwọn tó ń fi alùpùpù sáré nínú aṣálẹ̀ mọ èyí dájú. Nínú ìdíje Dakar àkọ́kọ́, tó gbéra ní Paris lópin 1978 tó sì parí ní Senegal, níbi tí Cyril Neveu ti gba ipò kìíní lórí Yamaha 500, aṣálẹ̀ Sàhárà ni wọ́n là kọjá. Nínú irú ìdíje bẹ́ẹ̀, fítà wà lára ohun tí wọ́n ń bójú tó bí ilẹ̀ bá ti ṣú, ẹnikẹ́ni kì í dúró kí ẹ́ńjìnnì kọ́kọ́ ké.

Kí ló wá dé tí kò fi rí bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ wa? Mo rò pé ọ̀nà tí a ń gbà sanwó ló fà á. Ohun tó bá ti bàjẹ́ la ń sanwó fún. Ẹni tó sọ ẹ́ńjìnnì kalẹ̀ tó tún un tò ní iṣẹ́ tí gbogbo ojú rí, ó lè dárúkọ iye tó bá fẹ́. Ẹni tó fọ fítà kò ní nǹkan kan láti fi hàn, nítorí èrè iṣẹ́ rẹ̀ ni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀. Lábẹ́ igi ìkọ́ṣẹ́ náà, ọmọṣẹ́ tó dé kẹ́yìn, tó ṣì ń gbé sípánà, ni wọ́n sábà máa ń ju fítà sí. Ó á fọ̀ ọ́ láìmọ ìdí rẹ̀, á sì gba fúrídọ́ọ̀mù láìmọ̀ ọ́n.

Àwọn ọlọ́kadà kan á ní bí àwọn bá yọ fítà kúrò, ọ̀kadà àwọn ń sáré sí i. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀ bí fítà bá ti dí tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fọ̀ ọ́, eré yẹn náà ni wọn yóò rí, sìlíńdà wọn kò sì ní jẹ. Àwọn mìíràn ń gé fóòmù ibùsùn sí i nítorí ọ̀wọ́n. Mo mọ̀ pé owó kò sí nílẹ̀, àmọ́ ihò fóòmù ibùsùn kò bá iṣẹ́ yìí mu, ọ́ìlì sì lè tètè jẹ ẹ́. Àtakò tó wúwo jù ni ti àwọn tó ní mẹkáníìkì á pàdánù bí ẹ́ńjìnnì kò bá bàjẹ́ mọ́. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ọlọ́kadà tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kú sábà máa ń jẹ gbèsè kó tó lè tún un ṣe, nígbà mìíràn á tà á lówó pọ́ọ́kú, mẹkáníìkì sì pàdánù oníbàárà náà pátápátá. Ẹni tí ọ̀kadà rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ yóò máa wá pààrọ̀ ọ́ìlì déédéé. Owó kékeré tó ń wọlé lóòrèkóòrè dára fún ṣọ́ọ̀bù ju owó ńlá tí kò ní padà wá lọ.

Nítorí náà, mo rọ àwọn ẹgbẹ́ mẹkáníìkì ní Ẹdẹ kí wọ́n fi fítà kún ohun tí ọmọṣẹ́ gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe níwájú àwọn àgbà kí wọ́n tó fún un ní fúrídọ́ọ̀mù, kí wọ́n sì fi owó ìfọ̀ rẹ̀ sínú owó sáfíìsì, kó má jẹ́ ohun tí a ń bẹ̀bẹ̀ fún. Ẹ̀yin ọlọ́kadà náà, nígbà tí ẹ bá tún fẹ́ pààrọ̀ ọ́ìlì, ẹ ní kí mẹkáníìkì yín ṣí fítà níṣojú yín, kí ẹ sì san owó ọwọ́ rẹ̀. Ní àsìkò ọyẹ́, bó bá jẹ́ ọ̀nà oko lẹ ń rìn lójoojúmọ́, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.