Owó iná di ìlọ́po mẹ́ta lójijì: Ta ni yóò gba mẹ̀kúnnù sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn iléeṣẹ́ iná?

Ọ̀rọ̀ owó iná mànàmáná lórílẹ̀-èdè Nàìjíríà ti di ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín. Iná fúnra rẹ̀ kò tíì dúró dáadáa, síbẹ̀ owó rẹ̀ ti sáré kọjá rẹ̀ lọ. Ọjọ́ kẹta, oṣù kẹrin, ọdún 2024, ni àjọ NERC, ìyẹn àjọ tí ìjọba àpapọ̀ gbé kalẹ̀ láti máa mójú tó àwọn iléeṣẹ́ iná, kéde pé àwọn oníbàárà tí wọ́n wà ní Band A kò ní í san náírà 68 lórí yúníìtì kan mọ́, náírà 225 ni wọn yóò máa san. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni owó náà fò sókè bẹ́ẹ̀, ó sì lé ní ìlọ́po mẹ́ta iye tó wà tẹ́lẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi ìṣirò gbé e kó lè yé wa. Ká ní ìyá kan ń ta ẹja yìnyín lọ́jà, tí àwọn fírísà rẹ̀ sì ń jẹ 300 yúníìtì lóṣù. Náírà 20,400 ló ń san tẹ́lẹ̀. Lọ́jọ́ tí owó tuntun bẹ̀rẹ̀, ó di náírà 67,500, ká má tíì sọ ti owó orí tí wọ́n ń fi lé e. Bẹ́ẹ̀, lásìkò tí à ń wí yìí, náírà 30,000 ni owó oṣù tó kéré jù lọ tí òfin là kalẹ̀ fún òṣìṣẹ́. Kí ni ìyá ẹlẹ́ja fẹ́ẹ́ ṣe? Àfi kó fi owó náà lé ẹja. Ẹni tó wá ra ẹja lọ́wọ́ rẹ̀, tó jẹ́ pé àdúgbò tí wọn kì í rí iná ju wákàtí mẹ́rin lọ ló ń gbé, òun náà ti bá wọn san nínú owó Band A láìmọ̀. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò fi gbà nígbà tí àjọ NERC ní kí ará ìlú fọkàn balẹ̀, pé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré nínú ọgọ́rùn-ún oníbàárà ni ọ̀rọ̀ náà kàn. Àwọn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún náà ni wọ́n ń lo nǹkan bí ogójì nínú ọgọ́rùn-ún iná tí wọ́n ń pín, ọ̀dọ̀ wọn sì ni òtẹ́ẹ̀lì, ilé búrẹ́dì, iléeṣẹ́ omi inú ọ̀rá àti ilé ìwòsàn wà.

Bí ẹ kò bá gbàgbé, ọdún 2020 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pín oníbàárà sí ọ̀nà márùn-ún. Àwọn tó wà ní Band A gbọ́dọ̀ rí iná fún ogún wákàtí, ó kéré tán, lójúmọ́. Band B ń gba wákàtí mẹ́rìndínlógún, Band C méjìlá, Band D mẹ́jọ, Band E sì ń gba mẹ́rin. Lójú ìwé, ètò náà dára: ẹni tó bá rí iná púpọ̀ ni kó san owó púpọ̀. Ibi tí ìjà ti wá ni pé, owó tó wà nínú àdéhùn yìí kì í pẹ́ẹ́ dé, iná tó wà nínú rẹ̀ ló máa ń falẹ̀.

Ìjọba náà ní àlàyé tirẹ̀, ó sì yẹ ká gbọ́ ọ. Gáàsì ni ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ tó ń pèsè iná ń lò, dọ́là ni wọ́n sì fi ń dá iye lé gáàsì. Nígbà tí náírà já wálẹ̀ lọ́dún 2023, owó tí wọ́n fi ń pèsè iná gbẹ́nu sókè. Adebayo Adelabu, ọmọ Ìbàdàn tó jẹ́ mínísítà ọ̀rọ̀ iná nígbà náà, ṣàlàyé pé bí owó iná kò bá yí padà, nǹkan bíi tírílíọ̀nù 2.9 náírà ni ìjọba yóò fi ṣe ìrànwọ́ lórí iná lọ́dún 2024, nígbà tó jẹ́ pé bílíọ̀nù 450 ni wọ́n kọ sínú ìwé ìnáwó. Ìṣirò yẹn kò ṣeé fojú fo. Àmọ́ nígbà tí mínísítà kan náà ní àwọn ọmọ Nàìjíríà ń fi iná ṣòfò, pé wọ́n máa ń tan fírísà sílẹ̀ láì paá, ńṣe ni inú bí àwọn èèyàn. Nígbà tó yá, ó tọrọ àforíjì.

Ẹni tó bá fetí sí àwọn oníbàárà dáadáa yóò rí i pé ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sọ pé àwọn kò ní í sanwó. Ẹni tó ń ra epo sí jẹnẹrétọ̀ lójoojúmọ́ mọ̀ pé iná kì í ṣe ọ̀fẹ́. Ẹ̀hónú wọn pín sí mẹ́ta. Àkọ́kọ́, ìlọ́po mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà ti pọ̀ jù, wọn kò sì jókòó bá àwọn tí yóò san án sọ̀rọ̀ tó kí wọ́n tó gbé e jáde. Ìkejì, àwọn kan ń san owó ogún wákàtí láì rí ogún wákàtí. Ìkẹta, iye àwọn tó ní mítà lọ́dún 2024 kò tó ìdajì gbogbo oníbàárà, àwọn tó kù ń gba bíìlì tí wọ́n fojú díwọ̀n, èyí tí ará ìlú ń pè ní bíìlì wèrè.

Kò tó ọjọ́ mẹ́ta tí owó tuntun dé tí ìkejì náà fi hàn. Lọ́jọ́ karùn-ún, oṣù kẹrin, ọdún 2024, àjọ NERC bu owó ìtanràn mílíọ̀nù 200 náírà lé iléeṣẹ́ tó ń pín iná l'Abuja, nítorí pé wọ́n gba owó Band A lọ́wọ́ àwọn tí wọn kò sí níbẹ̀. Wọ́n ní kí wọ́n dá owó olówó padà. Ní ìparí oṣù náà, ilé aṣòfin kékeré ní kí wọ́n dá owó tuntun náà dúró. Lọ́jọ́ kẹtàlá, oṣù karùn-ún, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ NLC àti TUC lọ dí ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì àjọ NERC àti tàwọn iléeṣẹ́ iná káàkiri. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, oṣù kẹfà, wọ́n daṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n sì pa iná gbogbo orílẹ̀-èdè. Owó oṣù tuntun àti owó iná wà lára ohun tí wọ́n torí ẹ̀ jà.

Kí ló wá tẹ̀yìn rẹ̀ yọ? Owó náà wálẹ̀ sí náírà 206.80 lóṣù karùn-ún, wọ́n ní nítorí pé náírà gbé díẹ̀ ni. Lóṣù keje, ó tún gòkè sí náírà 209.50. Kò padà sí 68 mọ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá kan àjọ tó yẹ kó gbèjà oníbàárà nìyí. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Lóṣù kejì ọdún 2024, àjọ NERC bu ìtanràn bílíọ̀nù 10.5 náírà lé gbogbo iléeṣẹ́ mọ́kànlá tó ń pín iná, nítorí pé wọ́n fi bíìlì ńlá há àwọn tí kò ní mítà lọ́rùn lọ́dún 2023. Ẹni tó gbọ́ ìyẹn yóò rò pé wọ́n ti kọ́gbọ́n. Lọ́dún 2025, wọ́n tún bu mílíọ̀nù 628 lé mẹ́jọ nínú wọn lórí ẹ̀ṣẹ̀ kan náà. Bí ọmọ bá ń jìyà ẹ̀ṣẹ̀, tó sì tún ń padà sídìí ẹ̀, á jẹ́ pé ọrẹ́ yẹn kò dùn ún tó. Òfin NERC tún sọ pé bí iléeṣẹ́ kan kò bá fún àdúgbò Band A níná tó yẹ fún ọjọ́ méje léraléra, kí wọ́n já àdúgbò náà wálẹ̀ sí ìpele tó tọ́ sí i. Mélòó nínú àwọn oníbàárà ló mọ̀ bẹ́ẹ̀?

Ọjọ́ kìíní, oṣù kọkànlá, ọdún 2013, ni ìjọba fa ìpín ọgọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún lé àwọn olówó àdáni lọ́wọ́ nínú àwọn iléeṣẹ́ tó ń pín iná, ó sì di ogójì mú. Ìlérí ọjọ́ náà ni pé iná yóò dúró, mítà yóò kárí. Ṣùgbọ́n àdúgbò kọ̀ọ̀kan ní iléeṣẹ́ kan ṣoṣo. Oníbàárà tí wọ́n bá ṣẹ̀ kò lè kó lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn bí ẹni tó pààrọ̀ síìmù fóònù. Nígbà tí kò ti sí ọjà míì tí èèyàn lè ná, àjọ alábòójútó nìkan ló kù tí mẹ̀kúnnù lè sá bá.

Òfin iná ọdún 2023 ti fún àwọn ìpínlẹ̀ láǹfààní láti máa bójú tó iná tiwọn. Èkó, Ògùn, Ọ̀yọ́, Ondó àti Èkìtì wà lára àwọn tó ti gba agbára náà. Lọ́dún 2025, àjọ ìpínlẹ̀ Enugu já owó Band A wálẹ̀ láti nǹkan bíi náírà 209 sí 160, wọ́n ní àwọn yẹ ìnáwó iléeṣẹ́ náà wò fínnífínní. Àwọn oníléeṣẹ́ pariwo, NERC náà sì ní ìpínlẹ̀ tó bá dín owó kù gbọ́dọ̀ ṣetán láti fowó dí àlàfo tó bá ṣẹ́ kù. Bó ti wù kó rí, ó hàn pé ìwé ìṣirò iléeṣẹ́ iná ṣeé bi ní ìbéèrè.

Kó tó di pé àwọn ìpínlẹ̀ tiwa náà ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ mọ ẹ̀tọ́ yín. Bí ẹ kò bá ní mítà, tí bíìlì tí wọ́n mú wá kò sì tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ kọ ìwé sí iléeṣẹ́ náà, kí ẹ tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀. Bíìlì tó kẹ́yìn tí ẹ kò jà lé lórí ni òfin ní kí ẹ máa san títí ọ̀rọ̀ yóò fi yanjú. Bí wọn kò bá dá yín lóhùn, ẹ gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí ọ́fíìsì tí NERC ti ń gbọ́ ẹjọ́ oníbàárà tàbí sọ́dọ̀ àjọ ìpínlẹ̀ yín. Bákan náà, kì í ṣe ojúṣe àdúgbò láti dáwó ra tiransifọ́mà, òpó tàbí wáyà. Bí kò bá wá sí ohun tí ẹ lè ṣe ju kí ẹ rà á lọ, ẹ rí i pé ẹ kọ́kọ́ bá iléeṣẹ́ náà tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn pé wọn yóò dá owó yín padà. Ọ̀pọ̀ àdúgbò ló ti ra tiransifọ́mà fún iléeṣẹ́ iná tán kí wọ́n tó mọ̀.

Ẹ máa kọ wákàtí tí iná bá dé àti ìgbà tó bá lọ sílẹ̀ lójoojúmọ́. Ẹnìkan lè kọ ọ́ kí wọ́n má kà á sí, ṣùgbọ́n bí gbogbo àdúgbò bá fọwọ́ sí ìwé kan náà, yóò ṣòro kí wọ́n tó lè jù ú síbi kan. Ọwọ́ kan kò gbẹ́rù dórí. Bí a bá sì ń sunkún, à á máa ríran: owó tí a ń san, kí a mọ iye iná tí a rí gbà nídìí rẹ̀.