Mímu Ọtí Wakọ̀: Ohun Tó Yẹ Kí Ọ̀dọ́ Tó Fẹ́ Ṣe Ṣọ́jà Mọ̀

Ọmọ Àkúrẹ́ tàbí Oǹdó tó bá wù láti ṣe ṣọ́jà kì í rìn jìnnà kó tó rí wọn. Àkúrẹ́ níbí ni Owena Cantonment wà, níbi tí 32 Artillery Brigade fi ṣe ibùjókòó. Kí ìkéde ìgbanisíṣẹ́ tó jáde, àwọn mìíràn á máa gun ọ̀kadà tàbí kí wọ́n máa wa kẹ̀kẹ́ márúwá lójú ọ̀nà Ọ̀dà kí wọ́n lè rówó jẹun. Ara wọn le, ìwé wọn pé. Ṣùgbọ́n paraga tí wọ́n gbé mì ní gáréèjì kí wọ́n tó gbérò lè bá ìrètí náà jẹ́.

Ohun tí òfin ojú pópó sọ

Òfin ọdún 2007 tó gbé àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, FRSC, ró ka mímu ọtí tàbí oògùn olóró wakọ̀ sí ẹ̀ṣẹ̀. Owó ìtanràn rẹ̀ nínú ìwé àjọ náà jẹ́ ₦5,000, wọ́n á sì kọ póńtì 5 sí awakọ̀ náà lọ́rùn. Bí póńtì bá pé 10, ìkìlọ̀ ni. Bó bá tó 15, wọ́n lè gbẹ́sẹ̀ lé láísẹ́ǹsì rẹ̀ fúngbà díẹ̀. Láti 21 lọ sókè, wọ́n lè gbà á pátápátá. Ìwọ̀n ọtí tí òfin Nàìjíríà fàyè gbà ni gíráàmù 0.5 nínú lítà ẹ̀jẹ̀ kan. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà, 0.8 ni. Tiwa le ju tiwọn lọ.

Ohun tí iléeṣẹ́ ológun ń béèrè

Bí àwọn ọmọ ogun orí ilẹ̀ bá fẹ́ gba ṣọ́jà tuntun, wọ́n á sọ iye ọdún, gíga àti ìwé ẹ̀rí tí wọ́n fẹ́. Wọ́n á tún sọ pé ilé ẹjọ́ kankan kò gbọ̀dọ̀ tíì dá ẹni náà lẹ́bi ọ̀ràn rí. Ìkéde náà kì í yọ ọ̀ràn ọkọ̀ sílẹ̀, kì í sì í sọ pé bó bá ti pẹ́, kò sí wàhálà.

Ọjọ́ orí náà kò fàyè sílẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ìkéde wọn, ẹni tí kò ní iṣẹ́ ọwọ́ gbọ́dọ̀ wà láàárín ọdún 18 sí 22; oníṣẹ́ ọwọ́ lè dé ọdún 26. Kí ẹni tó dáràn ní 19 tó sọ pé òun ń dúró kí ọ̀rọ̀ náà rọlẹ̀, àǹfààní ti kọjá lórí rẹ̀.

Ìwé ìtanràn yàtọ̀ sí ìdájọ́

Ibí lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í mú. Bí ẹ̀ṣọ́ ojú pópó bá kọ ìwé ìtanràn fún awakọ̀, tó sì lọ sanwó rẹ̀ sí báǹkì, ó ti jìyà, ṣùgbọ́n ilé ẹjọ́ kò tíì dá a lẹ́bi.

Ọ̀rọ̀ yí padà bí wọ́n bá gbé e dé iwájú kóòtù alágbèéká. Adájọ́ á bi í pé, “Ṣé o jẹ̀bi àbí o ò jẹ̀bi?” Nítorí kó lè tètè gba ọkọ̀ rẹ̀ lọ, á ní, “Mo jẹ̀bi, sà.” Á sanwó, á sì lọ sílé, àmọ́ ilé ẹjọ́ ti dá a lẹ́bi, akọ̀wé sì ti kọ ọ́ sínú ìwé. Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé.

Bí èèyàn bá farapa tàbí tó kú nínú ìjàǹbá náà, ọ̀rọ̀ kúrò ní ti ìtanràn. Ẹjọ́ tó lè fa ẹ̀wọ̀n ni.

Ẹni tó máa dúró fún un

Ẹni tó ń wá iṣẹ́ náà nílò èèyàn pàtàkì láti ìpínlẹ̀ rẹ̀ tó máa jẹ́rìí ìwà rẹ̀, irú bí alága ìjọba ìbílẹ̀ tàbí ọ̀gá ológun tó wà ní ipò Lieutenant Colonel sókè. Bí gbogbo àdúgbò bá mọ ọmọ kan sí ọ̀mùtí tó ń gbé ọkọ̀ wọ gọ́tà, ta ni yóò fẹ́ fọwọ́ sí ìwé rẹ̀? Bó bá sì wọṣẹ́ tán, òfin ológun fúnra rẹ̀ ka ìmutípara sí ẹ̀ṣẹ̀.

Àwọn ọmọ wa lókè òkun

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìdájọ́ mímu ọtí wakọ̀ tó wà lórí láísẹ́ǹsì àgbàlagbà máa ń gba ọdún 5 kí òfin tó kà á sí ohun tó ti kọjá, iléeṣẹ́ ológun wọn sì máa ń béèrè èyí tí kò tíì kọjá. Ní Amẹ́ríkà, ẹni tó nírú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ ní láti tọrọ ìyọ̀ǹda pàtàkì, kò sì pọn dandan kí wọ́n fún un. Wọ́n máa ń fi ìka ọwọ́ wá àkọsílẹ̀ èèyàn níbẹ̀, nítorí náà irọ́ kò ní ibi tí yóò sá sí.

Ohun tó yẹ kí ẹ ṣe

Bí ẹ bá ti mutí, ẹ fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀, ẹ wọ ọkọ̀ ẹlòmíràn lọ sílé. Bí wọ́n bá gbé yín dé kóòtù, ẹ má sọ pé ẹ jẹ̀bi kí ẹ tó rí lọ́yà. Ẹni tí kò lówó lè lọ bá Legal Aid Council. Bí ilé ẹjọ́ bá ti dá yín lẹ́bi, ẹ má purọ́ nínú fọ́ọ̀mù, nítorí irọ́ náà tó láti lé yín kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ má sì fún ẹnikẹ́ni lówó kó lè bá yín pa àkọsílẹ̀ ìdájọ́ náà rẹ́. Fọ́ọ̀mù iṣẹ́ ológun pàápàá, ọ̀fẹ́ ni; ẹni tó bá ń gbowó lórí rẹ̀, gbájúẹ̀ ni.