Ọkọ̀ Ìgbòkun Lójú Agbami: Ibi Tí Ooru Ti Ń Wá

Ẹni tí kò wọ ọkọ̀ ìgbòkun rí lè rò pé ooru kò lè rí àwọn tó wà nínú rẹ̀ mú, nígbà tó jẹ́ pé atẹ́gùn ló ń tì í lọ. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Láti Cape Verde dé Barbados, ìrìn nǹkan bí 2,000 máìlì ojú òkun, ẹ̀yìn ni atẹ́gùn sábà máa ń fẹ́ wá. Bí atẹ́gùn bá ń sá máìlì 15 ní wákàtí kan, tí ọkọ̀ náà ń sá 6 níwájú rẹ̀, 9 péré ló kù tí yóò kan àwọn èèyàn lára.

Atẹ́gùn yẹn sì ni ara gbójú lé. Òógùn kì í mú ara tutù àfi bó bá gbẹ. Bó ṣe ń di oru ló ń gbé ooru lọ. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ kún fún ọ̀rinrin, omi òkun sì lè móoru dé 28 lórí òṣùwọ̀n Celsius tọ̀sán tòru, nítorí náà ilẹ̀ á ṣú tán, ooru ò ní lọ. Bí atẹ́gùn ò bá fẹ́, òógùn á kàn máa ṣàn lásán ni.

Ìgbà tí wọ́n bá ju ìdákọ̀ró ni ara máa ń tù wọ́n. Iwájú ọkọ̀ ni okùn ìdákọ̀ró wà, nítorí náà atẹ́gùn fúnra rẹ̀ ni yóò yí imú ọkọ̀ kọjú sí ara rẹ̀. Àwọn atukọ̀ á wá ta aṣọ sókè ihò tó wà lórí yàrá iwájú, kó ṣí bí ẹnu àpò, kó máa kó atẹ́gùn wọlé, kí atẹ́gùn náà sì gba ẹ̀yìn jáde. Ọkọ̀ tí wọ́n so mọ́ èbúté kò lè yí báyìí. Wọ́n tún máa ń ta tápólì bo òkè ọkọ̀, torí pátákó tí oòrùn ti pa látàárọ̀ á ṣì máa da ooru sí yàrá lóru. Ìdájí ni wọ́n ń dáná, kí ooru iná má bàa kún ti ọ̀sán.

Nítòsí ìlà agbedeméjì ayé, níbi tí atẹ́gùn àríwá àti ti gúúsù ti pàdé, òkè ni afẹ́fẹ́ ń gbà lọ, ìgbòkun á sì so jọ̀ọ̀lọ̀. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ bu omi òkun dà sára, ó dára. Ẹ má mu ún: nǹkan bí gíráàmù 35 iyọ̀ ló wà nínú lítà kan. Kíndìnrín kò lè tọ iyọ̀ tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ jáde, omi ara ni yóò fi ṣàn án dànù. Omi tútù ni kí ẹ máa mu kí òǹgbẹ tó gbẹ yín. Bí ìtọ̀ bá ti pọ́n, ẹ ti pẹ́.

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni ẹni tó bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀rọ̀ kántankàntan nínú ooru. Ara rẹ̀ lè ti gbóná kọjá 40. Ẹ má sọ pé kó lọ sùn. Ẹ gbé e sí ibòòji, ẹ bọ́ aṣọ rẹ̀, ẹ máa da omi sí i lára, ẹ máa fẹ́ ẹ láìdáwọ́ dúró, kí ẹlòmíì sì máa fi rédíò pe ìrànlọ́wọ́.